Ṣé Ó Yẹ Kí Onílé Kó Àga àti Tábìlì sí Àgbàlá fún Ayálégbé?

Kí onílé tó náwó sórí àga àti tábìlì àgbàlá, kí ó kọ́kọ́ wo irú ẹni tí yóò gba ilé náà. Níbi tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ti jọ ń lo àgbàlá kan ṣoṣo láti sá aṣọ àti láti dáná, bí ó ti wọ́pọ̀ ní àdúgbò Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, àga tí kò ní olúwa kì í pẹ́ di ìjà. Okùn ìsáṣọ àti iná tó mọ́lẹ̀ ló wúlò jù fún wọn. Ẹni tó sì san owó ọdún kan sábà máa ń kó ẹrù tirẹ̀ bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ilé tí àlejò ń gbà fún ọjọ́ díẹ̀ ní Bódìjà, kí onílé pèsè ìjókòó.

Òjò Ìbàdàn, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, máa ń mú irin dípẹtà, ikán kò sì ní ṣàì jẹ igi tó kan ilẹ̀. Ní tèmi, ìjókòó kọnkéré lábẹ́ ìbòji ló dára jù, bí kò tilẹ̀ tuni lára tó tìmùtìmù. Kí onílé kọ ohun gbogbo tó kó síta sínú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́.