Bí mo ṣe kàwé gboyè másítà lórí ìlànà ìjọba ní Ifẹ̀

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni mí kí n tó lọ ṣe másítà nínú ìmọ̀ ìṣàkóso ìjọba ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ìbéèrè kan ló ń dà mí láàmú. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ ọ́ gbangba pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ìparí sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Kí ló wá dé tí àwọn òbí ṣì ń sanwó? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wọ kíláàsì, òun náà ni mo fi ṣe àpilẹ̀kọ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ṣe irú ẹ̀kọ́ yìí, mo máa ń sọ fún un pé kó wá ìbéèrè tirẹ̀ ná, kó tó wá fọ́ọ̀mù.

Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò le. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń kún un: ìwé ẹ̀rí dìgírì, ìwé ẹ̀rí NYSC, àwọn tó máa jẹ́rìí sí wa, àti transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo èsì ẹ̀kọ́ wa, láti ilé ìwé tí a ti kọ́kọ́ gboyè. Transcript ló ń gba sùúrù jù lọ, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kí wọ́n tó ṣí fọ́ọ̀mù. Ní ti ẹlẹ́rìí, ẹ lọ bá olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yín dáadáa, kódà bí kì í bá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó dùn mọ́ mi pé Ifẹ̀ ni mo lọ. Ibẹ̀ ni Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti darí Institute of Administration kó tó di kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1971, tó sì kó ipa ńlá nínú dídá NYSC sílẹ̀ lọ́dún 1973. Àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀ máa ń rán wa létí pé ohun tí à ń kọ́ yìí, ẹni tó kọ́ ọ ṣáájú wa ti lò ó.

Nínú gbogbo ohun tí a kà, ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìwọ̀ oòrùn ló wọ̀ mí lára jù. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìjọba Awólọ́wọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1955. Iṣẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Ọdún 1952 ni S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá rẹ̀ wá síwájú ilé aṣòfin. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n ń kọ́ iyàrá ìkàwé, tí wọ́n sì ń wá owó. Owó orí tí wọ́n bù lé aráàlú nítorí rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ nínú. Nígbà tí ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954 dé, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ló borí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, nílẹ̀ ìwọ̀ oòrùn, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì sọ pé owó orí yẹn wà lára ohun tó fà á. Síbẹ̀, ìjọba kò dá ètò náà dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìyẹn, ohun méjì ni mo máa ń béèrè nípa ìlànà èyíkéyìí: ta ló máa sanwó rẹ̀, ta ló sì máa gbé e dé ọwọ́ aráàlú?

Lórí ìbéèrè kejì yìí, èrò Michael Lipsky, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, là mí lójú. Lọ́dún 1980 ló ṣàlàyé pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ń kojú aráàlú lójoojúmọ́, ìyẹn olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, ni ìlànà ìjọba ti ń di ohun tí aráàlú ń rí gbà. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn, ohun èlò kò tó, wọ́n á sì dá ọgbọ́n sí i. Ọgbọ́n tí wọ́n dá yẹn ni aráàlú ń rí tí wọ́n ń pè ní ìjọba. Èmi tí mo ti di ṣọ́ọ̀kì mú rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Sítátísítíìkì ń ba ọ̀pọ̀ wa lẹ́rù. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé iye ọmọ àti iye olùkọ́ ní àwọn ilé ìwé tí mo mọ̀ ni mo fi ń ṣe ìdánrawò. Bí mo bá ti mọ ilé ìwé tí nọ́ńbà kan ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìṣirò náà á yé mi.

Nígbà tó kan àpilẹ̀kọ, alábòójútó mi kò jẹ́ kí n kọ̀wé lórí gbogbo Nàìjíríà. Ó ní kí n tọ ipasẹ̀ owó náà, kí n wo ibi tó ti ń dúró. Òfin UBE ya ó kéré tán ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kó owó tirẹ̀ sílẹ̀ ná, èyí tí wọ́n ń pè ní counterpart fund, kó sì fi ètò iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ránṣẹ́. Bí owó bá dé, ìdá 5 jẹ́ ti jẹ́lé-ó-sinmi, 60 jẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 35 jẹ́ ti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Láti rí àkọsílẹ̀, mo kọ̀wé lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011, tó fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ẹ dárúkọ òfin náà nínú lẹ́tà yín, kí ẹ sì sọ ìwé tí ẹ ń fẹ́ àti ọdún rẹ̀ ní pàtó.

Lẹ́yìn náà ni mo gba ìwé àṣẹ, mo sì bọ́ sí àwọn ilé ìwé. Mi ò kọ́kọ́ yọ ìwé ìbéèrè síta. Màá kí àwọn ọ̀gá, màá jókòó, màá jẹ́ kí wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ara mi. Màmá HM kan, ìyẹn ọ̀gá ilé ìwé, ló sọ ohun tí mo wá lọ. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí mi ò bá gba owó ọdẹ lọ́wọ́ òbí, ta ló máa ṣọ́ ilé ìwé yìí lóru? Bí mi ò gba owó ìwé ìdánwò, ojú pátákó ni wọ́n á ti máa dà á kọ.” Gbogbo nǹkan tí wọ́n ń gbowó lé lórí ni wọ́n kọ sínú ìwé kan, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì fọwọ́ sí i. Màmá yìí mọ̀ pé òfin kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó tó yẹ kí wọ́n fi ṣe nǹkan wọ̀nyẹn kì í dé bọ̀rọ̀.

Níwájú àwọn olùdánwò, ohun tí wọ́n bi mí jù ni bóyá mò ń gbè sẹ́yìn àwọn tó ń rú òfin. Mo ní rárá. Mo ṣí àkọsílẹ̀ owó tó wá láti òkè, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ilé ìwé nílò ní táàmù kan, mo sì fi hàn wọ́n pé owó tí òbí ń san ló ń dí àlàfo àárín méjèèjì. Ẹni tó bá kàn fòfin de owó náà láìdí àlàfo yẹn, ilé ìwé ló máa tì.

Wọ́n ní kí n tún àwọn ibì kan ṣe, mo tún un ṣe, wọ́n sì gbà á. Lẹ́yìn náà ni mo kọ àkópọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, mo sì gbé e lọ fún gbogbo ilé ìwé tó dá mi lóhùn. Alága ẹgbẹ́ òbí kan ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wọn, láti béèrè iye tó jẹ́ ìpín ilé ìwé wọn. A ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.