Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sí Fez
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, amọ̀nà tó ní káàdì ìjọba ni kẹ́ ẹ mú wọ ìlú àtijọ́ Fez ní Mòrókò. Kẹ́ ẹ tó wọ Bab Bou Jeloud, ẹnubodè ìlú àtijọ́ náà, ẹ sọ fún un pé ẹ ò wá rajà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, inú ìsọ̀ lẹ máa lo ọjọ́ náà sí. Mọ́tò ò wọbẹ̀, ìbaaka ló ń ru ẹrù. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ “Balak!”, ìyẹn “Ẹ yàgò!”, ẹ yáa fara mọ́ ògiri. Ní Chouara, níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, wọ́n á fún yín ní ewé míǹtì. Ẹ fi sí imú, ìgbẹ́ ẹyẹlé ni wọ́n fi ń rẹ awọ yẹn! Ẹ̀yin Tìjáníyà, sàárè Ṣéù Ahmad Tijani wà nínú ìlú yìí kan náà. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ fún amọ̀nà.