Bá a ṣe rí oògùn tó bá jẹjẹrẹ ẹ̀gbọ́n mi mu

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò fẹnu kan sìgá rí, torí náà nígbà tí dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló wà nídìí ikọ́ wọn, pé ó tiẹ̀ ti ràn dé egungun ìbàdí, ẹnu wa wọhò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò pẹ̀lú immunotherapy, ìyẹn oògùn tó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí kí wọ́n lè kojú jẹjẹrẹ. Mo ní dókítà ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti yẹ jíìnì jẹjẹrẹ yìí wò, ìyẹn àwọn ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí bó ṣe ń dàgbà? Wọ́n ní rárá o, àmọ́ ó yẹ ká ṣe é, torí irú jẹjẹrẹ yìí lára ẹni tí ò mu sìgá sábà máa ń ní àyípadà jíìnì tí oògùn oníhóró wà fún.

Ọmọ wọn ló kọ́kọ́ bẹ̀rù. "Àǹtí, ṣé èmi náà ti ní in nìyẹn?" Mo ní rárá, èyí tí wọ́n fẹ́ wò kì í ṣe èyí tí òbí bí mọ́ ọmọ, inú jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ni jíìnì ti bàjẹ́, àyẹ̀wò ti ìdílé lọ́tọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni ẹran tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Inú egungun ni wọ́n ti gé e nígbà báyọ́psì, ìyẹn gígé ẹran díẹ̀ lára fún àyẹ̀wò, egungun sì le, wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú ásíìdì kó lè rọ̀ kí wọ́n tó rì í sínú ìda, ásíìdì yẹn ló ba DNA inú ẹ̀ jẹ́, DNA yìí sì ni jíìnì wà nínú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi dúró, láàbù wá kọ̀wé pé àwọn ò rí nǹkan kà. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, torí ikọ́ ò dúró dè wá.

Dókítà wá ní ká lo ẹ̀jẹ̀, pé jẹjẹrẹ máa ń já DNA ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìgò ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n gbà, ìgò tiẹ̀ yàtọ̀ o, kì í ṣe tojoojúmọ́. Wọ́n kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀ pé tí èsì bá ní kò sí, ìyẹn ò ní kó má sí, ó lè jẹ́ pé èyí tó já sínú ẹ̀jẹ̀ ló kéré, a ó tún gé ẹran míì nìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí immunotherapy dúró ná, wọ́n gbà, torí tí wọ́n bá fún èèyàn níyẹn tán, tó wá bọ́ sórí oògùn EGFR, ìyẹn oògùn oníhóró fún ọ̀kan lára àwọn jíìnì tó máa ń yí padà yìí, láìpẹ́ sí i, ẹ̀dọ̀fóró lè wú kó sì le gan-an. Tó bá jẹ́ pé mímí ti ń di wàhálà ni, à bá ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò nìkan ná.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé: EGFR, exon 19 deletion, ìyẹn ni pé apá kékeré kan ti já kúrò nínú jíìnì EGFR. Dókítà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nìyẹn. Àyípadà jíìnì míì tó ń jẹ́ TP53 náà wà nínú rìpọ́ọ̀tù, mi ò sùn mọ́jú torí ẹ̀, àṣé ó wọ́pọ̀ nínú jẹjẹrẹ oríṣiríṣi, kò sì yí oògùn tí wọ́n fẹ́ lò padà.

Osimertinib 80 mg, ìyẹn oògùn EGFR, ni wọ́n ń lò báyìí, hóró kan lóòjọ́. Ara wọn yún, ìgbẹ́ gbuuru náà wà díẹ̀, àmọ́ ní oṣù kẹta skáànù fi hàn pé jẹjẹrẹ ti sún kì gan-an, wọ́n sì ti ń gun àtẹ̀gùn fúnra wọn. Dókítà ò fi pa mọ́ fún wa pé jẹjẹrẹ lè wá ọgbọ́n míì dá, pé lọ́jọ́ tó bá tún ń dàgbà a máa yẹ jíìnì ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó yí oògùn. Mo ti kọ ọ́ gàdàgbà síwájú fáìlì wọn: tó bá jẹ́ egungun lẹ fẹ́ gé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ásíìdì kàn án, EDTA ni kẹ́ ẹ lò, ìyẹn kẹ́míkà tó ń mú egungun rọ̀ láìba DNA jẹ́ bíi ti ásíìdì.