Bí A Ṣe Ń Wo Grand Hotel Ìlú Scarborough

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọgbọ́n tó wà nínú kíkọ́ Grand Hotel ní Scarborough, ìlú etíkun kan ní Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bèbè òkè ni wọ́n kọ́ ilé ìtura náà sí, iwájú rẹ̀ kọjú sí ìgboro, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sí òkun, nítorí náà ẹni tó bá dúró níwájú, apá kan gíga rẹ̀ ló máa rí.

Etíkun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ dúró lórí iyanrìn nígbà tí omi bá ti fà sẹ́yìn, kí ẹ wá rọra gbójú sókè láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé Cuthbert Brodrick, ayàwòrán ilé tó ti ya gbọ̀ngàn ìlú Leeds ṣáájú, kò ka gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà sí ìdíwọ́ rárá: ó jẹ́ kí àwọn àjà ìsàlẹ̀ bá bèbè náà sọ̀ kalẹ̀, títí tí ògiri fi dà bí òkè kejì tí wọ́n fi bíríkì mọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 bíríkì ló bá a lọ.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ka ilé náà bí ẹni ń ka ọjọ́ inú ọdún. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1867, ilé gogoro 4 dúró fún ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ọdún ilẹ̀ náà, àjà 12 dúró fún oṣù, ọ̀nà èéfín 52 fún ọ̀sẹ̀, yàrá 365 sì fún ọjọ́. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí kíka ọ̀nà èéfín. Orí àwọn ilé gogoro ni kí ojú yín pẹ́ sí, nítorí òrùlé rìbìtì tó dé wọn, tó fẹ̀ ní ìdí tó sì sú jọ lókè bí agogo, ni kì í jẹ́ kí ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wúwo lójú.

Ìrísí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é rí láti ilẹ̀. Ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín, ẹ ó rí i pé ilé náà ya apá méjì bí lẹ́tà V, èyí tí wọ́n fi bu ọlá fún Ọbabìnrin Victoria. Lẹ́yìn náà, ẹ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ onírin tí wọ́n ti kọ́ nítòsí ní 1827, kí ẹ lè wo bí ìdí ilé ṣe jìn sí ojú pópó tó.

Ìgbà yìí ló tó kí ẹ wá sí iwájú. Orí ilẹ̀ yìí ni ilé tí òǹkọ̀wé Anne Brontë kú sí ní 1849 wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wọlé, kí ẹ dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ńlá inú gbọ̀ngàn, kí ẹ wòkè kí ẹ tó gùn ún. Bí ẹ bá dé yàrá, ẹ rántí pé nígbà tí ilé náà ṣì wà lọ́tun, ẹ̀rọ omi kan wà ní balùwẹ̀ fún omi lásán, òmíràn wà fún omi òkun, kí àlejò lè fi omi iyọ̀ tó ń ru lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ wẹ̀ láìsọ̀kalẹ̀ òkè.