Tí onílé bá fẹ́ sọ ilé tí màmá yín ń gbé di kóńdò ní New Jersey

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ gba apátímẹ́ǹtì fún màmá tàbí bàbá yín ní Newark, East Orange, Irvington, gbogbo agbègbè New Jersey yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ka eléyìí, torí mi ò fẹ́ kí ohun tójú màmá mi rí tún kan ìyá ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ kóńdò fúnra ẹ̀ ò le. Ilé ńlá tẹ́yin àtàwọn ará ibẹ̀ jọ ń san rẹ́ǹtì sí, onílé á ní òun ò ṣe rẹ́ǹtì mọ́, òun fẹ́ máa ta apátímẹ́ǹtì ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá lówó ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lọ̀, ó ní 90 ọjọ́ láti fi rò ó, tí ò bá rà á, nótíìsì ọdún 3 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un kí wọ́n tó lè torí kóńdò lé e. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́, ẹ sáà kà á. Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí.

Láti 1981 ni New Jersey ti ní òfin kan fáwọn àgbà. Ẹni tó bá ti pé 62, tàbí tó jẹ́ aláàbọ̀ ara, tó ti gbé ibẹ̀ tó ọdún kan, tí owó tó ń wọlé fún gbogbo ará ilé ò sì kọjá iye tí òfin sọ, wọn ò lè torí kóńdò lé e jáde fún 40 ọdún. Mo ní 40 ọdún o! Ẹni tó bá ra apátímẹ́ǹtì yẹn, tòun ti màmá ló rà á. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ ka owó tí wọ́n ná láti sọ ọ́ di kóńdò mọ́ rẹ́ǹtì màmá. Iye tí òfin sọ yẹn náà ò kéré, $50,000 lọ́dún tàbí ìlọ́po 3 ìpíndọ́gba owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní county yẹn, èyí tó bá pọ̀ jù, nítorí náà ẹ má fúnra yín sọ pé màmá yín ò yẹ. Àmọ́ ẹ̀tọ́ yìí kì í wá fúnra ẹ̀. Ìjọba ìlú máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ọjọ́ 60 lẹ ní láti kọ ọ́ dá padà.

Ọjọ́ 60 yẹn ni mo fi ṣeré. Ẹni ọdún 67 ni màmá mi nígbà yẹn, wọ́n ti lo ọdún 6 nínú ilé náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà méjì wọlé lọ́sẹ̀ kan náà, màmá kó o sínú agolo bisikíìtì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ òun òwú sí, torí èmi ni mo ní ìwé tí ò bá yé wọn kí wọ́n fi pa mọ́ dè mí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, oorun kún ojú mi, mo ṣí àkọ́kọ́, mo rí iye tí wọ́n fẹ́ ta apátímẹ́ǹtì, mo ní "Màmá, ta ló fẹ́ ra ilé, èyí ò kàn wá," mo dá méjèèjì padà sínú agolo. Mi ò ṣí ìkejì rárá. Ìkejì yẹn ni fọ́ọ̀mù.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tí onílé rán kan ilẹ̀kùn, ó kí màmá dáadáa, ó ní onílé fẹ́ ran wọ́n lọ́wọ́, $4,000 rèé, kí wọ́n kàn sáìnì pé àwọn á kó jáde lóṣù méjì. Èmi ọmọ wọn tó kàwé, èmi ni mo fìka han màmá níbi tí wọ́n máa sáìnì sí. Owó yẹn ò tó fi gba ibòmíì. Pálọ̀ mi ni màmá sùn fún ọdún kan àtààbọ̀. Lọ́jọ́ kan níbi ìdúpẹ́ la pàdé ìyá Ghana kan tí wọ́n jọ gbé ilé yẹn, ẹni ọdún 71, ó ní òun ṣì wà níbẹ̀, rẹ́ǹtì òun ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ọmọ òun ló bá òun kọ fọ́ọ̀mù. Màmá wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan.

Torí náà ẹ má sáìnì! Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, kó fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Kí ló ń lé e tí ò lè dúró dìgbà tí lọ́yà bá wò ó? Legal Services of New Jersey ń ran ẹni tí ò lówó lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ pè wọ́n, ẹ má jẹ́ kójú tì yín.

Orúkọ tó wà lórí líìsì ńkọ́? Ìwọ tó o sáìnì líìsì lórúkọ ara ẹ tó o wá kó màmá síbẹ̀, kí lo fẹ́ fi hàn wọ́n pé ibẹ̀ ni ilé wọn? Lọ fi orúkọ wọn sí i, jẹ́ kí bílì iná máa wá lórúkọ wọn. Ẹ̀yin tí màmá yín ń lọ lo oṣù márùn-ún ní Ìbàdàn, ta ló ń ṣí àpótí lẹ́tà? Ọjọ́ 60 ò ní dúró de ẹni tó lọ sìnkú. Tí wọ́n bá sì ti gé ọjọ́ orí kù nígbà iṣẹ́ ìjọba nílé, ẹ yáa mọ̀ pé ti pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n máa wò níbí.

Tí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ má jókòó bíi tèmi, ẹ gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sọ́fíìsì ìlú lọ́jọ́ náà gan-an.

Lálẹ́ òní, ẹ pe màmá yín, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń kó lẹ́tà sí, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún yín lórí fídíò WhatsApp, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó jọ ìpolówó.