Onílé Ni Ò Ní Gbà: Bí A Ṣe Ń Dá Iyẹ̀pẹ̀ Ilé Tuntun Dúró Lọ́wọ́ Àgbàrá ní Abẹ́òkúta

Òkúta ló pọ̀ jù lábẹ́ ilẹ̀ Abẹ́òkúta, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Omi òjò kì í ráyè rì. Orí ilẹ̀ ló ń sáré gbà, gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tí katapílà bá sì ti hú sílẹ̀ ló ń wọ́ lọ. Gọ́tà ló kọ́kọ́ ń dí, lẹ́yìn náà odò bíi Sòkòrí. Ẹni tí ìkún omi July 2018 bá nílùú kò nílò àlàyé. Àgbẹ̀ àkùrọ̀ nísàlẹ̀ náà ń jìyà rẹ̀: iyẹ̀pẹ̀ onílé a bo ẹ̀fọ́ wọn mọ́lẹ̀.

Ibi tí ẹ fẹ́ kọ́ nìkan ni kí ẹ ṣán. Àwọn kan á ní kí katapílà kúkú gé gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó má baà di méjì. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ fi koríko apá ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí iṣẹ́ ilẹ̀ parí kí òjò April tó dé.

Aṣọ tó ń dá iyẹ̀pẹ̀ dúró

Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí omi ń gbà jáde, ẹ ri igi mọ́lẹ̀ ní ìbú, kí ọ̀kan fi bíi mítà 2 jìnnà sí èkejì. Ẹ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí ẹ̀gbẹ́ igi tó kọjú sí òkè. Ẹ ta aṣọ tí omi lè sẹ́ gbà kọjá mọ́ igi, ẹ ri ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú kòtò, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ padà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kó le. Kòtò yìí gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fò. Bí wọ́n bá fò ó, abẹ́ aṣọ ni omi á gbà, aṣọ á kàn di ọ̀ṣọ́. Ibi tí omi ti ń ṣàn bí odò, ẹ má ta aṣọ síbẹ̀, omi á wó o. Òkúta ni kí ẹ tò. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá ti fẹ́ dé ìdajì aṣọ, ẹ kó o kúrò.

Kí típà má da yanrìn sétí gọ́tà. Ẹ fi tapólì bo òkìtì rẹ̀ lálaalẹ́.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí àgbàrá àti ìkún omi ti wà láti 2011. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ló ń mójú tó o.

Ẹ má tú aṣọ náà títí koríko á fi bo ilẹ̀. Koríko tí wọ́n ń pè ní vetiver dára níbi gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀: ẹ gbìn ín ní ìlà tó gba ìbú, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 síra wọn, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé.