Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré lẹ́yìn Àbújá

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Kubwa, Nyanya, Lugbe, mo mọ bó ṣe máa ń rí tí ọlidé bá ti dé, àwọn ọmọ á máa yọ yín lẹ́nu pé níbo la máa lọ, ẹ̀yin náà á wá wo owó òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ìgboro, orí á fọ́ yín. Ẹ wo ọ̀nà Bwari àti Ushafa. Àwọn ilé kéékèèké wà níbẹ̀ tí ò ju yàrá mẹ́fà mẹ́jọ lọ, òkè olókùúta lẹ́yìn, máńgòrò níwájú, àwọn ọmọ á ráyè sáré.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má fi WhatsApp ṣe é, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ta ló ń dáná? Ta ló ń fọ bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì? Ọ̀dọ̀ ta lẹ ti ń ra ẹyin àti tòmátì? Tí ẹni tó gbé fóònù bá lè dárúkọ ìyá abúlé tó ń sebẹ̀ fún wọn, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Tó bá ní òun ò mọ̀, pé ọ̀gá ló ń kó gbogbo ẹ̀ wá láti ìgboro, ẹ wá ibòmíì. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni ibẹ̀ yẹn tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó kéde ní 1976 pé ibẹ̀ làwọn máa kọ́ olú-ìlú sí, àwa la wá bá wọn, ó yẹ kí nǹkan kan nínú owó tá à ń ná dé ọwọ́ wọn.

Ẹ béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Mi ò lè sọ eléyìí tó. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn a sùn síbì kan tí wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn fèrèsé wa gan-an, àbíkẹ́yìn mi wúkọ́ wúkọ́ títí, àfìgbà témi àti bàbá ẹ̀ gbé gbogbo àwọn ọmọ lọ sí pálọ̀ láago méjì òru, lórí ìrọ̀rí àga ni wọ́n sùn mọ́jú. Ohun tó ń pa èèyàn nínú èéfín yẹn ò ní òórùn o, èèyàn ò ní mọ̀. Ibi tó bá ní sólà tàbí tí wọ́n gbé jẹ́n jìnnà sí yàrá ni kẹ́ ẹ lọ. Omi náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi péèlì kan ṣoṣo wẹ̀, torí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn bí òtẹ́ẹ̀lì bá ń fa omi ilẹ̀ láìdúró, kànga aládùúgbò lè gbẹ.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní ló dáa jù lójú tèmi, òjò ti lọ, ooru oṣù kẹta ò tíì dé, ọyẹ́ sì máa ń mú lóru, ẹ gbé súwẹ́tà àti òrí dání torí ètè ọmọ máa ń là. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn tiyín, ẹ mú un dání. ORS, iyọ̀ àti ṣúgà inú páálí tá a máa ń pò fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tó bá jẹ́ ti lítà kan, píọ̀ wọ́tà 50cl méjì lẹ máa fi pò ó, ẹ má fi ọ̀kan pò ó, iyọ̀ á pọ̀jù fún ọmọ. Ẹ bi wọ́n bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn gan-an kẹ́ ẹ tó jáde nílé, kẹ́ ẹ sì ti débẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò ní Ushafa. Ẹ kọ́ wọn ní "sannu da aiki" ti Haúsá ṣáájú, "ẹ kú iṣẹ́" tiwa náà ni, kí wọ́n kúnlẹ̀ kí màmá bí wọ́n ṣe ń kí ìyá àgbà nílé. Màmá tá a bá níbẹ̀ ò lo ẹ̀rọ kankan, ojú kan ni ìkòkò dúró sí, òun ló ń rìn yí i ká, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló ń rìn, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan níta. Ọmọbìnrin mi ò lè mira. Màmá ò sọ̀rọ̀, ó kàn bu amọ̀ tó tó ẹyin adìẹ sí i lọ́wọ́, ó gbọ́wọ́ tiẹ̀ lé e lórí, wọ́n jọ ń yí i lórí pákó títí tó fi gùn bí ejò. Mo wá yọ ogún náírà jáde, mo ní wo obìnrin ẹ̀yìn owó yìí, Ladi Kwali nìyẹn, Gbagyi ni, ìkòkò lòun náà ń mọ nígbà ayé ẹ̀.

Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má ya ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nájà bí ẹni wà ní Wuse Market, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi mọ ọ́n kí wọ́n tó fi iná sun ún? Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fún ẹni tó tún yàrá yín ṣe ní nǹkan, ọwọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí.

Ìkòkò tẹ́ ẹ bá rà, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ẹ má jẹ́ kó wọ bútù, ẹsẹ̀ ọmọ ni kẹ́ ẹ gbé e sí láàárín. Tiwa ṣì wà ní kíṣìnì, omi inú ẹ̀ máa ń tutù láìsí fíríìjì, ọmọbìnrin mi ló ń pọn ọ́n kún láràárọ̀, kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án.